Ihò Kan ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ariadne

Nínú ìsọ̀ agbẹ́kùúta tó ti ń ṣiṣẹ́, Fosco gbé irin ìwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ère ẹfun tó ń wò gbẹ́ lára, ó rọra ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ síwájú títí tó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kù kó de abẹ́rẹ́ náà kó má bàa yẹ̀, kó gbé irin sára òkúta mábù, kó sì lu ihò dé ibi tí abẹ́rẹ́ bá wọlé dé. Ẹgbẹ̀rún irú ihò bẹ́ẹ̀ ní í sọ òkúta di ènìyàn.

Ariadne ni ère náà, ọmọbìnrin Gíríìkì tí olólùfẹ́ rẹ̀ sá fi sílẹ̀ sí etíkun. Ọ̀gá Tebaldo tó mọ ọ́n ní kó máa banú jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti wọlé, ó ru apẹ̀rẹ̀ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ó wo ère tí kò wọṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ihò kékeré kan sì yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, bí ìgbà tí a fìka tẹ ìyẹ̀fun pípò.

"Ṣé òtútù ò mú un ni?"

"Òkúta ni."

"Ìwọ náà ńkọ́? Mo ti kí ọ lẹ́ẹ̀mejì."

Argia ni, ọmọ Oreste tó ń ta ọ̀rá ní abúlé Colonnata. Kó tó lọ, Fosco ti ra ọ̀rá tí yóò jẹ dọdún Àjíǹde, kò sì rántí de abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yọ̀ wọlé, ihò tó lu sì jìn jù. Ohun tó bá bọ́ lára mábù dà bí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì dé etígbọ̀ọ́ Oreste, ó ní, "Tebaldo ti lé ènìyàn mẹ́ta lọ́dún yìí. N kò fọ́mọ fún ẹni tí kò níṣẹ́. Kó parí ère yẹn ná."

Fosco jẹ́wọ́ ihò náà fún Argia.

"Èmi ni mo fà á," ni Argia wí, "èmi náà ni n ó tún un ṣe."

Ọ̀gá wà ní Róòmù. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Argia á jókòó, á máa rẹ́rìn-ín, Fosco á máa fi ayùn rin ẹ̀rẹ̀kẹ́ mábù kí etí ihò lè dagẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé igun ẹnu sókè díẹ̀, nítorí láìsí ẹ̀rín, ojú ọgbẹ́ ni ihò náà jọ.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí."

"Ó ku díẹ̀, olùfẹ́ mi."

"Sọ nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín nígbà náà."

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ìyẹn ṣe é lò."

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ tí Oreste àti ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rá wá. Ó dúró níwájú ère náà pẹ́.

"Fosco, wọ́n sá fi obìnrin yìí sílẹ̀. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Argia ló fèsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, bóyá ó ti rí ọkọ̀ mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán."

Tebaldo yí ère náà ká. Nínú ìtàn àtijọ́, òrìṣà ọtí ló gba etíkun yẹn kọjá, tó sì fẹ́ Ariadne.

"Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn," ni ó wí. "Mo gbàgbé láti sọ fún yín ni. Fosco, ìwọ ni wàá gbẹ́ èyí tó kàn."

Oreste ò gbọ́. Ó ń wo ère, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ń wá lára obìnrin tí kò wọṣọ?"

Fosco fẹ́ gbé aṣọ bo ère náà, Oreste dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìgbà wo ló ń jáde?"

"Oṣù tó ń bọ̀, bàbá," ni Fosco wí.

"Ẹ ó ti ṣègbéyàwó kó tó fojú kan òòrùn. Tí wọ́n bá bi mí, n ó sọ pé ìyàwó ara rẹ̀ ni Fosco wò gbẹ́ ẹ."

Màlúù mẹ́jọ ló wọ́ Ariadne kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tòun tẹ̀rín. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó Fosco náà ń rẹ́rìn-ín, ihò kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.