Yà Mí Kí N Tó Dípẹtà

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ síta lábẹ́ ògbólógbòó mọ́tò kan tí koríko ti bò lẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò sì mì rárá. Nọ́ọ̀sì lọmọbìnrin yìí. Kíá ló bẹ̀rẹ̀, ló di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú, ló ń wá ibi tí iṣan ti ń lù.

"Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún mi o," ohùn ọkùnrin kan wí lábẹ́ mọ́tò. "Láti àárọ̀ lèmi náà ti ń wá a."

Ajórin ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gé mọ́tò tí wọ́n ti pa tì, kó tà á fáwọn tó ń ra irin. Nígbà tó jáde, ó rí fọ́tò lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà: mọ́tò yẹn gan-an, àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kàn pa lẹ́yìn ẹ̀.

"Bàbá mi tó kú ló yà á," ọmọbìnrin náà ní. "Mo fẹ́ mọ ohun tó ń rí níbí."

"Ó dáa, mi ò ní gé e mọ́."

Ìfẹ́ tó ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn méjèèjì jọ ń wá àwọn ibi tí bàbá yà kiri. Ajórin sọ ọ́ ní Adẹsẹ̀mú, òun náà ń pe ajórin ní Òkú Tó Ń Sọ̀rọ̀.

Ìyá ọmọbìnrin náà ni kò fẹ́ gbọ́. Àpótí fọ́tò ọkọ ẹ̀ kún bámúbámú fún mọ́tò tí kò ní táyà àti ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé ẹ̀ ti jìn. Kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí ọmọ.

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi ń wá òkú irin kiri," ìyá ní. "Èmi tí mò ń mí nílé, kò yà mí rí. O wá tún fẹ́ lọ fẹ́ ẹni tó ń sùn lábẹ́ ẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ rí i ná, Màmá. Ó ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú."

Ọjọ́ pé. Ìyá nu àga, ó tiẹ̀ fi àtíkè sójú. Wọ́n jókòó títí, ajórin ò yọjú. Nígbà tó fi máa dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, ilẹ̀kùn mọ́tò kan tó ti dípẹtà wà léjìká ẹ̀.

"Adẹsẹ̀mú mi, wò ó! Mọ́tò inú fọ́tò bàbá tá ò rí yẹn! Ọ̀nà ẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n mo mú ẹ̀bùn wá fún ẹ!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ṣó o rí i? Bàbá rẹ ló padà wá."

Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dun ọmọbìnrin náà dé egungun. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé kámẹ́rà bàbá ẹ̀ jáde, ó fi lé ajórin lọ́wọ́.

"Fíìmù ṣì kù nínú ẹ̀. Gbé ilẹ̀kùn yẹn síta, kó o yà mí. Èmi náà ní iṣan tó ń lù. Tó ò bá lè wò mí kí n tó dípẹtà, máa lọ."

Ajórin gbé e síta. Ó padà wọlé. "Mo jẹ̀bi. Màmá, ẹ má bínú." Ó gbójú sí kámẹ́rà, ó wo ọmọbìnrin náà títí omi fi bọ́ lójú tọ̀hún. "Mo rí ẹ. Tó o bá fẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni màá máa rí ẹ."

"Mo gbọ́," ó ní. "Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n màá rán ẹ létí."

Ajórin yí kámẹ́rà padà. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Mo ti nu àtíkè mi. Ó yẹ kẹ́nì kan ti bi mí nígbà tí mo ṣì rẹwà." Síbẹ̀ ó tún ọrùn aṣọ ẹ̀ ṣe, ó jókòó ti ọmọ ẹ̀.

"Ṣe kíá," ó ní. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan yìí."