Búrẹ́dì Tó Há Sínú Ààrò

"Ẹ fà á!"

Wọ́n fà á. Kò jáde.

"Ẹ tún fà á!"

Bíríkìlà fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó di pákó abẹ́ búrẹ́dì mú, ó fà. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Pákó yọ lójijì. Àwọn méjèèjì fìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Búrẹ́dì ò mira.

Ẹ̀rín bú sọ́nà. Èrò ti kún iwájú ilé búrẹ́dì, àwọn ọmọdé ti gun orí àpótí. Ọ̀rẹ́ Ìràwọ̀ ló kó wọn jọ. Ẹnu ọmọ náà kì í dákẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Rédíò. Òun ló gbé fóònù sókè tó ń ya gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko," ni Rédíò ń wí sínú fóònù, "búrẹ́dì tó tóbi jù lọ ládùúgbò wa ń bọ̀ wá kí yín. Ó kàn ń tijú díẹ̀ ni."

Búrẹ́dì náà ò tijú. Ó ti wú ni.

Bàbá tó ni ilé búrẹ́dì ló bí ìyá Ìràwọ̀. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ kí èsì tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó mọ fúláwà pò, ó mọ iná dá. Ṣùgbọ́n ohun kan ló ń wù ú: kí ayé mọ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ìràwọ̀.

"Bàbá, ta ló ń mọ ẹni tó ṣe búrẹ́dì?" ni ó máa ń bi bàbá rẹ̀ àgbà. "Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ẹnu, ó parí."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Bàbá máa ń dáhùn. Á sì padà sídìí iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Bàbá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kó tó lọ, ó fi ìka tẹ fúláwà tí wọ́n ti pò sílẹ̀.

"Kéékèèké ni kó o gé e. Inú páànù ni kó o kó o sí. Ilé ìwòsàn ń retí tiwọn kí oòrùn tó wọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dúró."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe yà ní kọ̀rọ̀, ó ránṣẹ́ pe Rédíò. Kò gé fúláwà rárá. Ó yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ó gùn bí ibùsùn ọmọdé, ó sanra bí ìrọ̀rí. Ó fi okùn wọn ẹnu ààrò. Ó fi okùn kan náà wọn fúláwà. Ó bá a mu. Bíríkìlà tó ń kọjá lọ bá wọn gbé e lé pákó, wọ́n tì í, ó wọlé wẹ́rẹ́. Rédíò pàtẹ́wọ́.

Ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń fi yíìsì sí fúláwà. Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé pé yíìsì ló ń mú un wú.

"Ẹ jẹ́ ká fọ́ ẹnu ààrò," ni Bíríkìlà wí. Ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ dànù, ó yọ òòlù nínú àpò. "Bíríkì díẹ̀ ni. Màá tún un mọ lọ́la."

Inú èrò dùn. "Ẹ fọ́ ọ! Ẹ fọ́ ọ!"

Rédíò sún mọ́ Ìràwọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá jáde lódindi, orúkọ rẹ á dé òkè òkun lónìí. Bó o bá gé e, kí la fẹ́ fi hàn? Búrẹ́dì gígé wà ní gbogbo ilé."

Ìràwọ̀ wo ẹnu ààrò. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, kí wọ́n tó bí ìyá Ìràwọ̀. Ó wo fóònù. Ó wo òòlù.

"Ẹ gbé e fún mi."

Ó gba òòlù, ó gbé e sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi!" Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló ń la àárín èrò bọ̀, apẹ̀rẹ̀ lápá rẹ̀. Ó rí ọmọ tó gbé òòlù. "Ṣé ìjà ni? Búrẹ́dì ni mo wá gbà ní tèmi. Àwọn aláìsàn mi ti po tíì sílẹ̀."

"Ó wà nínú ààrò, mà," ni Ìràwọ̀ wí.

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ààrò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nàró.

"Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Búrẹ́dì yín nìkan ló ń lọ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọ̀sán ló ti ń bi mí bóyá ó ti dé. Kí ni kí n sọ fún un?"

Òòlù wúwo lọ́wọ́ Ìràwọ̀. Ó ti ń béèrè tipẹ́ pé ta ló ń mọ ẹni tó ṣe búrẹ́dì. Kò béèrè rí pé ta ló ń jẹ ẹ́.

Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé ó ń bọ̀, mà."

Ó mú ayùn tí Bàbá fi ń gé igi ìdáná, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó fi aṣọ wé apá, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu ààrò.

"Yéè! Ó ń ba fídíò jẹ́!"

"Rédíò, gbé fóònù sílẹ̀, wá bá mi di àwo mú."

"Èmi?"

"Àbí Rédíò mìíràn tún wà níbí?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ooru ń fẹ́ sí wọn lójú. Ìràwọ̀ ń gé, Bíríkìlà ń fà, Rédíò ń gbà. Ẹ̀yìn búrẹ́dì ti jó. Àárín rẹ̀ ṣì tutù bí amọ̀. Ìwọ̀nba tó jinná láàárín méjèèjì ni Ìràwọ̀ ń fi ọ̀bẹ yọ. Èrò rí i pé eré ti tán, wọ́n ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà tí Bàbá fi dé. Ó wo ayùn. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tí èédú ti kùn lójú.

"Ṣé igi lẹ ń là ni?"

"Búrẹ́dì ni, Bàbá."

Bàbá bọ́ awò ojú tuntun, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Mo rò pé dókítà ló tàn mí ni."

Ìràwọ̀ kúnlẹ̀. Ó rò ó láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan òòlù. Bàbá fọwọ́ pa bíríkì ẹnu ààrò yíká. Kò sí èyí tó ṣí.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni ó wí. "Fúláwà kù?"

"Ó kù díẹ̀."

"Dìde. Pò ó."

Èyí tí wọ́n rí yọ kò kún apẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò jáde bí oòrùn ṣe ń wọ̀, kéékèèké, ó pọ́n dáadáa. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá àgbà náà gba tirẹ̀, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ó bù ú, ó rì í bọ tíì. Kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sùn.

Ìràwọ̀ dúró wò ó. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ṣe ló ń fò bí ọmọ kékeré.

Rédíò fi fídíò síta ṣá. Ibi tí Bíríkìlà àti Ìràwọ̀ ti fìdí jókòó ni gbogbo ayé ń wò. Rédíò sáré wọ ilé búrẹ́dì.

"Ìràwọ̀! O ti di gbajúmọ̀! Ìyá Búrẹ́dì-Há ni wọ́n ń pè ọ́! Wá wò ó!"

"Ọwọ́ mi wà nínú fúláwà."

"Ayé mọ̀ ọ́, o ní ọwọ́ rẹ wà nínú fúláwà?"

"Ṣé wọ́n fẹ́ ra búrẹ́dì ni?"

"Rárá. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

"Kí wọ́n máa rín in lọ. Fọ ọwọ́ rẹ, kó o bá mi to páànù."

Bàbá gbọ́ ọ láti ìdí iná. "Ojú tó ń woni kì í pẹ́ yí síbòmíràn," ni ó wí. "Ẹnu tó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló máa ń padà wá."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí ayé fi rí ewúrẹ́ kan tó ń gun àkàbà, wọ́n gbàgbé búrẹ́dì. Ìyá àgbà ẹ̀bá fèrèsé ò gbàgbé. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá ó ti dé.

Èèpo búrẹ́dì ńlá náà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ààrò lápá ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ ò tó. Ó ti dúdú bí èédú. Ó ṣì wà níbẹ̀.