Ìka Tí Kò Wọ Ẹnu Ìyá Àgbà

Òórùn éétà, oògùn tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun, ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì ń ṣe Sèlíátù bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kékeré kan ní Bouaké, láyé ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà Àtọ́kẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kókó kan wà níkùn wọn tí dókítà fẹ́ yọ.

Ọjọ́ yẹn náà ni ìdánwò Sèlíátù. Mùsíọ̀ Kùàmé, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tó ń fún aláìsàn ní éétà, ni ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá yege, Kùàmé yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Dakar. Lójú àlá, Sèlíátù ti rin etí òkun Dakar yìí títí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fojú kan òkun rí.

Kí wọ́n tó fún aláìsàn ní éétà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ki ìka bọ ẹnu rẹ̀, kó wò ó bóyá eyín kan ń mì tàbí nǹkan kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sèlíátù na ọwọ́. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n pa ẹnu dé. Ta ni yóò ti ìka bọ àgbàlagbà lẹ́nu? Ní agbo ilé wọn, ọmọ tó bá na ìka sí àgbà lásán, ara rẹ̀ ni yóò sọ. Ojú tì í, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Mo ti wò ó, Mùsíọ̀,” ló wí.

Éétà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Àgbà ń dárúkọ àwọn ìlú tí wọ́n gbà kọjá nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ṣakí, Kùmásí, títí oorun fi gbé wọn lọ. Ó dà bíi pé Sèlíátù náà ń bá wọn rìn lọ.

Ó mú rọ́bà oníhò tó tẹ̀, tí èémí ń gbà. Ó fi wọn ẹ̀gbẹ́ ẹnu Ìyá Àgbà dé etí wọn, ó rí i pé ó ṣe rẹ́gí. Kùàmé ti kọ́ ọ pé ahọ́n ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun. Nítorí náà, orí rọ́bà gbọ́dọ̀ kọjú sókè sí àjà ẹnu nígbà tó bá ń wọlé. Tó bá dé ìdajì, kí wọ́n yí i po, kó lè gun ẹ̀yìn ahọ́n. Ẹni tó bá tì í lọ tààrà, òun gan-an ni yóò ti ahọ́n wọ ọ̀fun. Sèlíátù ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kùàmé mi orí, inú rẹ̀ dùn.

Àyà Ìyá Àgbà gbé sókè, ṣùgbọ́n èémí kò wọlé. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kùàmé fa rọ́bà yọ, ó gbé àgbọ̀n wọn sókè, síbẹ̀ èémí kò wá.

“Ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan lẹ́nu wọn?”

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Kùàmé yóò lọ wá rọ́bà tó tóbi ju ìyẹn lọ, Dakar yóò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ńkọ́?

“Mi ò wò ó, Mùsíọ̀. Irọ́ ni mo pa. Mi ò lè ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n lẹ́nu.”

Kùàmé yí orí Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹ̀mú gígùn kan wá inú ọ̀fun, ó sì fa awẹ́ obì kan yọ. Èémí wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó na rọ́bà náà sí Sèlíátù. Ọmọ náà fi í sí i, ó yí i po, ó sì dúró, ó ń gbọ́ bí èémí ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà yọ kókó náà láìsí ewu. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Sèlíátù kò pé ìdajì wákàtí. Kùàmé kò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dún yẹn. Ó ní òtítọ́ tó sọ ni kò jẹ́ kí òun lé e dànù. Sèlíátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà rọra rẹ́rìn-ín nítorí ọgbẹ́. Wọ́n ní oúnjẹ ni dókítà kọ̀ fún àwọn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, obì kì í ṣe oúnjẹ, àwọn kàn fi ki ara àwọn láyà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi í léèrè.

“Nígbà tí eegun ẹja há ọ lọ́fun, o ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ṣé o rò pé mo tọrọ àyè kí n tó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu?”

Ó wá yé Sèlíátù pé ọ̀wọ̀ tí kò jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tó yẹ fún àgbà kì í ṣe ọ̀wọ̀ rárá, àti pé irọ́ tí a fi bo ojútì lè pa ẹni tí a fẹ́ràn jù. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n òun ló dá èémí padà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Bàbá Àmọ̀sù, oníṣòwò àgbà kan láti Bodokro, wá sórí tábìlì. Sèlíátù kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ la ẹnu.”

Bàbá fajú ro. Sèlíátù dìde, ó sì ki ìka bọ̀ wọ́n lẹ́nu.