Sípíríńgì Tí Fọláwùmí Bá A Yàn

Ọkọ̀ ló gbé Olúṣọjí wá bá Fọláwùmí. Ká ní ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni, bóyá wọn kì bá tí pàdé, ẹnì kan ì bá sì ṣì wà láàyè.

Ọdún 1978 ni, ní Ibo Road ní Sabon Gari, nílùú Kano, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá Fọláwùmí ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Ọmọkùnrin náà gbé Celica pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, síwájú ìta. Ó wọlé, ó wá dúró, ó ń wo àwọn ọjà tó rọ̀ sókè àjà bí ẹni pé àwọn ló máa kọ́kọ́ kí òun.

"Sànnú," ni Fọláwùmí wí. "Ṣé ọjà lẹ fẹ́ rà, àbí ṣọ́ọ̀bù gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kì lòun ń wá, tí yóò mú ọkọ̀ òun wálẹ̀, tí kò ní jẹ́ kó máa fì bí òun bá ń sáré.

Oríṣi méjì ni Fọláwùmí gbé jáde. Kòráà kan, ará Lebanon, tó máa ń fi mọ́tò díje ló tà wọ́n fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Èkíní kúrú, ó le, kò sì ṣeé yí padà. Ní ti èkejì, sípíríńgì wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì lára, òrùka irin ńlá kan sì gbé e dúró nísàlẹ̀, lórí ìlà tí wọ́n gé yí ṣọ́ọ̀kì náà ká bíi ti bóòtù. Bí èèyàn bá fi sípánà yí òrùka náà gòkè, ọkọ̀ á ga. Bó bá yí i wálẹ̀, ọkọ̀ náà á wálẹ̀.

"Èwo ni kí n mú?" ni Ṣọjí bi í.

"Níbo lẹ ti fẹ́ sáré?"

"Airport Road, lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èmi àtàwọn ọmọ Kòráà kan."

"Ọjọ́ Sọ́ńdè tí ẹlòmíràn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ káre. Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo máa ń gbé màmá mi lọ sí Tarauni."

"Ẹ mú elórùka nígbà náà. Tó bá di Sọ́ńdè, ẹ yí i wálẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ gbé e sókè nítorí Màmá. Èkíní yẹn, ẹ̀yìn wọn ò lè gbà á."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn Màmá yẹn ló mú Ṣọjí lọ́kàn. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń sáré tó béèrè ìyá rẹ̀ rí. Ó ra elórùka. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá ra pulọ́ọ̀gì tí kò nílò. Nígbà tó yá kò ra nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wá ni. Ó ń pe Fọláwùmí ní "Ayọ̀ mi", òun náà ń pè é ní "Oníyọnu mi", inú àwọn méjèèjì sì ń dùn.

Bàbá Fọláwùmí, Olúgbémi ọmọ Ọ̀fà, kò bá ọmọkùnrin náà jà. Ọkọ̀ náà ni kò fẹ́. Àpọ́sítélì ni ní ìjọ Àládùúrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran ló rí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà mọ́tò tó ń tà, ọwọ́ opó àwọn tó kú sínú mọ́tò ló ti rà á.

Nígbà tí Ṣọjí wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ, Bàbá ní, "Dìde. Yọ nǹkan eré yẹn kúrò, kí o dá ti iléeṣẹ́ padà síbẹ̀. Ọjọ́ tí ìkúùkù mi bá wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà ọkọ̀ rẹ, ọjọ́ náà ni mo fún ọ lọ́mọ."

Bó ṣe máa ń wọn ọkọ̀ nìyẹn. Orúnkún tó ti fi gbàdúrà láti ọdún gbọọrọ kì í jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò mọ́. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí mọ́tò, ìkúùkù rẹ̀ ló gbà gbọ́, ìkúùkù náà sì tóbi.

"Ayọ̀ mi, mo ti ta ti iléeṣẹ́," ni Ṣọjí sọ fún Fọláwùmí lẹ́yìn ilé.

"Ra òmíràn."

"Eré ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀. Háàbà, Fọlá. Jẹ́ kí n sá ọ̀kan yìí, màá yọ ọ́ wàláhì."

Ibí yìí ló yẹ kí ọmọbìnrin náà sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń kánjú kí Bàbá gbà. Ojú ìfẹ́ kì í rí ọ̀nà tó jìn.

"Ṣebí ìkúùkù ni Bàbá ní kó wọlé," ló wí. "Yí òrùka náà gòkè."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe é. Tẹ̀yìn ò yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n níwájú, ìkúùkù Ṣọjí wọlé, ti Bàbá tó tóbi jù ú lọ kò ní lè wọ ibẹ̀. Wọ́n tún yí i, títí ó fi jẹ́ pé etí ìlà tó gbẹ̀yìn ló kù tó di òrùka náà mú.

"Ó ti dé òpin o," ni Ṣọjí wí.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Bàbá bá ti wọ̀n ọ́n tán, ìwọ yí i wálẹ̀ kíákíá."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àpọ́sítélì jáde pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ó ki ìkúùkù bọ ibi táyà kọ̀ọ̀kan. Ìkúùkù náà wọlé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbá Ṣọjí léjìká. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì jókòó.

"Gbé mi lọ bá bàbá rẹ ní Zaria tó ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un pé mo ti gbà."

Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Ará ilé ọkọ ló ń wá sílé ìyàwó. Bàbá ìyàwó kì í lọ kanlẹ̀kùn ọkọ ọmọ. Ọlá tí wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lọ́lá ni.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la," ni Ṣọjí wí, ojú rẹ̀ wà lára Fọláwùmí.

"Ṣé o fẹ́ kí n yí ọkàn padà ni?"

Fọláwùmí la ẹnu. Bó bá sọ̀rọ̀, ìgbéyàwó tú nìyẹn, níwájú gbogbo ìjọ. Ó pa ẹnu dé. Ó rò pé bí Ṣọjí bá rọra wà á, wọn á dé.

Ṣọjí rọra wà á lóòótọ́. Wọn ò tíì jìnnà sí Kano nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò kan, tí òrùka apá ọ̀tún já kúrò lórí ìlà. Iwájú ọkọ̀ ṣubú lé táyà, ó sì yà lọ forí sọ igi dógóyárò, ní ẹ̀gbẹ́ tí Bàbá jókòó sí. Ṣọjí kán lọ́wọ́. Ẹ̀mí ṣì wà lára Bàbá di ìrọ̀lẹ́ ní ọsibítù, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kú.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó wọn."

Gbogbo Sabon Gari ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, ojú máa ń ti Fọláwùmí bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò.

"Mi ò lè fẹ́ ọ lórí irọ́," ló sọ fún Ṣọjí. "Sọ fún Mọ́mì. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, màá parí ẹ̀."

"Màá sọ."

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Mọ́mì ránṣẹ́ pe Ṣọjí. Obìnrin náà ti rù, ṣùgbọ́n ó ro túwó, ó sì se ọbẹ̀ kúkà. Fọláwùmí ló bù ú wá. Nítorí pé ọwọ́ Ṣọjí ṣì wà nínú báńdéèjì, Mọ́mì fúnra rẹ̀ gé ẹran sí wẹ́wẹ́ fún un.

"Jẹun, ọmọ mi. Ìyà yìí jẹ ìwọ náà. Bàbá yín ti gbà fún yín, ta ni èmi tí màá yí i padà? Ẹ lọ mú ọjọ́."

Ṣọjí la ẹnu. Fọláwùmí sún mọ́ ọn, ó múra láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ni Ṣọjí wí. Ó sì jẹ gbogbo oúnjẹ náà tán.

Fọláwùmí sìn ín dé ẹnu géètì.

"O ò sọ ọ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé wọ́n á tún fún mi ní ìwọ? Ayọ̀ mi, mo fẹ́ràn rẹ ni."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Má wá mọ́, Ṣọjí."

Ó dúró títí Ṣọjí fi kúrò lójú títì. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òrùka dé orí ẹnu tó pa dé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ò sunkún. Ó ń wo àwo tó ṣófo náà.

"Nígbà tí mò ń gé ẹran yẹn fún un," ló béèrè, "ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, Mọ́mì. Èmi náà mọ̀ nígbà tí mò ń bu oúnjẹ náà."

Mọ́mì dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fọláwùmí kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀.