Ihò tí Mo Gé sí Ara Ọkọ̀ Bàbá Musallam

"Zahir, má fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn o! Kí n kírun Alaasari dé ná, a ó jọ gé e."

Bí Bọ̀dá Rafiq ṣe wí nìyẹn, tó nu ọwọ́, tó kọjá sí mọ́sálásí. Ará Bangladesh ni, òun ló sì kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ aṣálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi, Khalfan, tí mò ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ìlú Bidiyah létí aṣálẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa.

Ọkọ̀ Bàbá Musallam ló wà níwájú wa. Àárín iyanrìn ni bàbá náà ń gbé pẹ̀lú àwọn ràkúnmí rẹ̀, ọkọ̀ yìí ló sì fi ń gbé omi lọ fún wọn. Eruku ti fẹ́ dí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí a bá òun fi páìpù ìmí sí i, èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gòkè, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa afẹ́fẹ́ lókè níbi tí eruku kò pọ̀ sí. A ní láti gé ihò ńlá kan sí páànù apá ọ̀tún, lókè táyà iwájú. Pépà tí wọ́n ya ihò náà sí wà nínú páálí páìpù.

Qais àti Badr, àwọn ọmọ kíláàsì mi, jókòó sórí táyà, wọ́n ń jẹ dàbínù.

"Ṣé o ti wá di mẹkáníìkì ni, àbí ò ń gbé sípánà tẹ̀ lé Rafiq kiri?" Qais béèrè. Ó ti na fóònù sí mi, ó ń ká fídíò.

"Fi í sílẹ̀ jàre," Badr fèsì. "Mẹkáníìkì orí ahọ́n lásán ni. Tí Rafiq ò bá sí ńlẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ò lè tú lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo lẹ pépà mọ́ ara ọkọ̀, mo gbé dírílì. Ojú pépà ni mo kọ sí páànù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níta, ṣùgbọ́n torí pé ìlà náà hàn kedere láti ẹ̀yìn, n kò fura. Àìmọye ìgbà ni Bọ̀dá Rafiq ti kìlọ̀ fún mi pé kí n kọ́kọ́ gbé páìpù fúnra rẹ̀ lé ara ọkọ̀ wò kí n tó dá ihò. Ta ló fẹ́ dúró ṣe ìyẹn lójú fídíò?

Irin ké, páànù tí mo gé já bọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo gbé páìpù débẹ̀ ni mo rí i pé ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú, ihò tèmi wà lẹ́yìn. Òdìkejì ni mo gé! Qais ti fóònù bọ àpò. "Ọ̀rẹ́, a ń lọ o," ló wí, àwọn méjèèjì sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ wọlé láti ọjà, Bọ̀dá Rafiq tẹ̀ lé e.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí?" Bàbá Kékeré béèrè.

"Bọ̀dá Rafiq ló lẹ pépà," ni mo wí. "Àwọn ni wọ́n ní kí n gé e."

Bọ̀dá Rafiq wò mí. "Ọ̀gá, mo wà ní mọ́sálásí."

"Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wá máa parọ́ mọ́ ẹ ni? Lọ kó ẹrù ẹ!"

Mo ṣì ní àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń ká aṣọ sínú báàgì, èmi sì dúró nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè wo ojú ìyá mi. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Kékeré mú mi lọ bẹ Bàbá Musallam. Bàbá náà tẹ́ ẹní fún wa, ó bu kọfí fún wa.

"Bàbá, ẹ má bínú," Bàbá Kékeré wí. "Rafiq ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Mo ti lé e lọ."

"Rafiq kẹ̀? Rafiq tó fẹsẹ̀ rìn wá síbí lọ́jọ́sí, tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ tún un ṣe nínú oòrùn kí àwọn ràkúnmí mi lè rómi mu? Khalfan, ọwọ́ ọkùnrin yẹn kì í ṣì í gé." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Kọfí dà sí aṣọ funfun tí mo wọ̀. Ìtìjú bò mí. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó wọ inú rẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi nìkan ni mo gé e. Bọ̀dá Rafiq ò sí níbẹ̀, mo parọ́ mọ́ wọn ni."

Bàbá Kékeré fi etí láwàní bojú. Bàbá Musallam rọra gba ife lọ́wọ́ mi. "Ẹni tó yẹ kó o sọ ọ́ fún ò sí níbí," ló wí. "Ẹ dìde, ẹ lọ wá a."

Ilé ọmọ ìlú rẹ̀ kan la ti bá Bọ̀dá Rafiq. Mo fẹnu ko iwájú orí rẹ̀, mo ń sunkún, Bàbá Kékeré náà bẹ̀ ẹ́. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó pààrọ̀ páànù, ó gbé páìpù lé e wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá ihò. Mo dúró tì í bóyá yóò rán mi níṣẹ́, kò pè mí. Nígbà tí ọkọ̀ Bàbá Musallam ti gun òkè iyanrìn lọ, Bọ̀dá Rafiq fọwọ́, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní ìlú Sur."

"Ṣebí mo ti bẹ̀ ẹ́, Rafiq?"

"Ẹ ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Zahir náà, mo ti dárí jì í, ọmọdé ni. Àmọ́ ọdún mọ́kànlá ni mo fi sìn yín, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé lẹ fi lé mi, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ibùdókọ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ó ti ba nǹkan jẹ́ kí òtítọ́ tó dé. Ká ní mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, ìfọ́tí kan ni ǹ bá jẹ, ọ̀rọ̀ ìbá parí. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó yáa jẹ́wọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ aṣálẹ̀ wá tí kò sí ẹni tó lè ṣe é, Bàbá Kékeré á kàn wò mí, èmi náà á sì dorí kodò.