Àna Tó Wọ Sálúbàtà Tóílẹ́ẹ̀tì

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o jókòó. Ẹni tó bá ń jẹun, jọ̀ọ́, gbé àwo sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ o, àmọ́ inú tóílẹ́ẹ̀tì ló máa gbà kọjá.

Ọjọ́ tí Chigusa kọ́kọ́ rí Tomonari, omi ń ro tótó lójú ọkùnrin náà, táì ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn láyà bí ewé tó jábọ́ sínú odò.

Ilé ìtajà kan ní Osaka ni. Ibẹ̀ ni Chigusa ti ń ta ìjókòó tóílẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná, tó sì ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ èèyàn nídìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló rán Tomonari wá, pé kó ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn oníbàárà tó wá láti Ṣáínà. Ìjókòó yìí kì í tu omi àfi téèyàn bá jókòó lé e. Ni Tomonari bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bẹjú wò ó, ó tẹ bọ́tìnnì. Fìììn! Ojú ló fi gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n," Chigusa ní, ó ti gbé aṣọ ìnulẹ̀ dání, "ṣé ojú lẹ fi ń jókòó nílé yín ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa ni."

"Wọ́n ti rí i."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Chigusa fi ìwọ̀nba èdè Ṣáínà tó gbọ́ dá wọn lóhùn, ẹ̀rín tún sọ. Kílẹ̀ tó gbẹ, orí àtẹ ti ṣófo. Ẹlòmíì gbé méjì, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan ti ìyá ọkọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tomonari tún yọjú. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá ilẹ̀ ti gbẹ."

Ilẹ̀ tó ti gbẹ láti ọjọ́sí! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìfẹ́ wá jinná tán, ilé-iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ rán èèyàn lọ ta ìjókòó náà ní Ṣikágò, níbi tó jẹ́ pé bébà lọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń nùdí, tí ọ̀pọ̀ ilé ò sì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tóílẹ́ẹ̀tì. Ó dá Tomonari lójú pé òun ni wọ́n máa rán. Ó fẹ́ gbé Chigusa níyàwó, kí wọ́n jọ lọ.

Bàbá Chigusa wá ńkọ́? Háà.

Kurahashi lorúkọ bàbá náà, òun ló ni ilé ìwẹ̀ àdúgbò tẹ́lẹ̀, bàbá tiẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo ilé ló ń wá wọnú omi gbígbóná wẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn. Ìgbà tí kálukú fa omi gbígbóná wọ ilé ara ẹ̀, iná ilé ìwẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ń tu omi nínú ilé, ọ̀tá Bàbá ni.

"Èèyàn ló ń wọnú omi!" Bàbá á pariwo. "Omi kì í yọ́ bá èèyàn nídìí bí olè!"

Tomonari gbé àkàrà ẹ̀wà aládùn nínú páálí, ó lọ tọrọ ọmọ. Kó tó lọ bá Bàbá, ó sáré wọ tóílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó jáde, ó lọ tààrà sí yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, níbi tí Bàbá wà, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní Chigusa."

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni Bàbá ń wò. Chigusa náà wò ó, ó sì di ojú. Sálúbàtà tóílẹ́ẹ̀tì tí kì í jáde níbẹ̀, pupa fòò, lórí ẹní tí bàtà kankan kì í tẹ̀!

"Kò tó o kó o máa ta tóílẹ́ẹ̀tì," Bàbá ní, "o tún wá wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ wá tọrọ ọmọ mi! Jáde!"

"Ó sú mi!" Chigusa ní nígbà tí wọ́n dé ìta. "Ọ̀kan ń bá omi jà, ọ̀kan ò mọ bàtà bọ́. Èwo ni kí n gbé nínú yín?"

"Ìfẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi ló gbàgbé, ọkàn mi ò gbàgbé."

"Gbé ẹnu dídùn yẹn kúrò lọ́dọ̀ mi, jàre." Àmọ́ ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Òtútù dé. Chigusa mú Bàbá lọ ra síńgílẹ́ẹ̀tì tó nípọn nílé ìtajà ńlá kan. Inú ṣàdédé ń run Bàbá, ló bá kó sí tóílẹ́ẹ̀tì wọn. Chigusa dúró, ó dúró, ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó lọ kígbe lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá! Ṣé kò sí o?"

"Fi mí sílẹ̀. Mo ń ronú."

"Kí lẹ wá ń rò nínú tóílẹ́ẹ̀tì?"

Ohùn Bàbá wá rọ̀.

"Ìjókòó wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, Chigusa. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ilé ìwẹ̀ bàbá mi."

Ìgbà tó jáde, ojú ẹ̀ pọ́n. "Sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó wá," ó ní. "Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kó wọ̀."

Tomonari wá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó ti ọtí ìrẹsì gbígbóná, wọ́n ń pera wọn ní bàbá àti ọmọ. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà ní Ṣikágò. Chigusa ń bu ọtí fún wọn, ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹ̀. Ó gbé ìgò kalẹ̀, gbà!

"Ta ló bi mí léèrè?"

Lóòótọ́, Tomonari ti bi Bàbá, ó ti bi ọ̀gá ẹ̀, kò tíì bi ẹni tó lọ̀rọ̀. Ó sáré kúnlẹ̀, òógùn bò ó.

"Chigusa mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Chigusa fi etí aṣọ ẹ̀ nu òógùn náà fún un, jẹ́jẹ́.

"Màá fẹ́ ẹ," ó ní, "àmọ́ ọ̀gá ẹ pè mí láàárọ̀ yìí: èmi tí mo tajà tán lọ́jọ́ tí omi fọ́n sí ẹ lójú ni wọ́n ń rán lọ sí Ṣikágò, ìwọ lo máa tẹ̀ lé mi."