Kíámọ́sá àti Irin Tó Ń Làágùn

"Ta ló da omi síbí?"

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà ń ta ni létí bí abẹ́rẹ́. Ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé dúró sí ẹnu ọ̀nà onígíláàsì tuntun, ó ń wo omi tó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.

"Gíláàsì ẹ ló ń jò," ó sọ fún Onígíláàsì, ọkùnrin tó fi gíláàsì náà síbẹ̀. "Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. A ó wá ẹlòmíì."

Onígíláàsì káwọ́ lérí. "Ìyá, ọwọ́ ara mi ni mo fi dí i!"

Kíámọ́sá dúró nítòsí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìkánjú ọmọbìnrin yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ló fi ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa wọ irin láṣọ. Ọ̀pá irin ńlá kan gba àárín gíláàsì náà kọjá, ìdajì níta, ìdajì nínú ilé. Bí wọn ò bá fi fóòmù wé e yí ká, òtútù ìta á gba ara rẹ̀ wọlé, irin á wá máa làágùn bí aláàárù.

Lánàá, ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tí Kíámọ́sá ò tíì wé lẹ́yìn férémù gíláàsì. Ibẹ̀ há. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo níta: "Kíámọ́sá, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀! Ta ló fẹ́ wo ẹ̀yìn irin?" Ló bá fi pákó bò ó, ó sá lọ.

Bó bá dákẹ́ báyìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Onígíláàsì nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "gíláàsì kọ́ ló ń jò. Irin ló ń làágùn. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tú pákó, ó fọwọ́ kan irin. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ sùn ju òru kan lọ! Òtútù kì í kan ilẹ̀kùn, ọmọ mi. Ihò tó bá rí ló ń gbà."

Ó ní kó tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn, kó tún un wé. Báyìí ni kò ṣe lè lọ síbi àṣekágbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Ìyá ilé ìkàwé ní kí Onígíláàsì má lọ mọ́, òun ló sì ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn irin.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ku díẹ̀ lápá òsì," ó ní.

"Kíámọ́sá lorúkọ mi o!"

"Ìyẹn ti kú lánàá."

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ó wá yé ọmọbìnrin náà pé kíákíá tí kò parí, àtúnṣe ló ń bí. Ibi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó gan-an ni iṣẹ́ ti ń fi oníṣẹ́ hàn. Títí dòní, bó bá gba ẹnu ọ̀nà onígíláàsì kọjá, á nawọ́ sẹ́yìn irin, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.